Ewé Tó Ń Fọ Ilẹ̀ Kì í Ṣe Ewé Ọbẹ̀

Gbòǹgbò ń mu omi ilẹ̀, ọ̀pọ̀ ohun tó bá yòrò sínú omi náà sì máa ń bá a gòkè. Ajílẹ̀ ń gòkè, májèlé náà ń gòkè. Orí èyí ni fífi irúgbìn fọ ilẹ̀ dúró: wọ́n á gbin ohun tó lè fa májèlé sára, yóò dàgbà, wọ́n á sì hú u kúrò tòun ti ẹrù rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kan Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ l'Ékòó gan-an. Ó ti pẹ́ tí ilé-iṣẹ́ ti tẹ̀dó sí etí títì márosẹ̀ tó lọ sí Àpápá. Ọjà Aswani tí wọ́n ń ná lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, orúkọ ilé-iṣẹ́ aṣọ ló ń jẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ aṣọ Èkó ti kógbá wọlé, ṣùgbọ́n mẹkáníìkì àti oníbátìrì ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Níbi tí wọ́n bá ti ń da kọ́ńdẹ́ǹ ọ́ìlì sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilẹ̀ á dú, á le bí ọ̀dà. Bí òjò bá rọ̀, omi á dúró lórí rẹ̀, á máa dán bí òṣùmàrè. Ibi tí wọ́n ti ń fọ́ bátìrì nítorí òjé inú rẹ̀ léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ojú kì í rí òjé náà. Òjé kì í jẹrà. Ọmọdé tó ń ṣeré nínú irú erùpẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń fi ọwọ́ gbé e sẹ́nu, òjé náà sì ń ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́.

PCB náà wà, kẹ́míkà tó wà nínú ọ́ìlì tiransifọ́mà àtijọ́. Agbára káká ló fi ń yòrò nínú omi. Ńṣe ló máa ń lẹ̀ mọ́ erùpẹ̀, tí yóò sì máa kó jọ sínú ọ̀rá ẹran, ẹja àti ènìyàn. Ó wà lára ìdọ̀tí olóró tí wọ́n kó láti Ítálì wá sí Koko, ní ìpínlẹ̀ Delta òde òní. Àṣírí rẹ̀ tú ní 1988, wọ́n sì kó o padà. Ọdún yẹn náà ni ìjọba dá àjọ FEPA sílẹ̀ láti máa bójú tó àyíká.

Irúgbìn tó lè fa PCB kò pọ̀, ṣùgbọ́n elégédé wà lára wọn. Ní Etobicoke, ní Kánádà, àwọn onímọ̀ gbìn ín sórí ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ tiransifọ́mà àtijọ́ kan, wọ́n sì bá PCB nínú ìtàkùn àti ewé rẹ̀. Ní ti òjé, Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tó wà l'Ábẹ́òkúta dán sunflower àti jogbo wò, ewé kíkorò olódòdó bí ìyeyè tó kún etí títì wa. Àwọn méjèèjì ló fà á sára. Ewé Akíntọ́lá, tí àgbẹ̀ ń ṣán dànù, fa òjé lọ́pọ̀lọpọ̀ nítòsí ibi ìwakùsà kan ní Thailand. Ní Olódò, n'Íbàdàn, níbi tí wọ́n da ìdàrọ́ bátìrì sí, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n fi jogbo àti èèpo ẹ̀gẹ́ ṣe ajílẹ̀ tí yóò di òjé mú sínú ilẹ̀, kó má lè gòkè mọ́.

Ọ́ìlì yàtọ̀. Gbòǹgbò kì í fà á tó bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ dídùn ló ń sun sílẹ̀ fún kòkòrò àìfojúrí tó yí i ká, àwọn yẹn ló sì ń jẹ ọ́ìlì náà tán díẹ̀díẹ̀.

Fífi irúgbìn fọ ilẹ̀ kò wọ́n tó kíkó erùpẹ̀ dànù, ṣùgbọ́n ọdún púpọ̀ ló ń gbà, ibi tí gbòǹgbò bá sì dé ló mọ. Ohun tó yẹ kó ká ènìyàn lára jù ni pé irúgbìn tó mọ ilẹ̀ fọ̀ dáadáa ni kò yẹ kó dé inú ìkòkò. Etí kánáàlì àti ilẹ̀ òfìfo l'Ékòó ni wọ́n ti ń gbin tẹ̀tẹ̀ àti ewédú. Elégédé pàápàá, ewé ọbẹ̀ ni ewé rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbin ẹ̀fọ́ sórí ilẹ̀ mẹkáníìkì àtijọ́, láàbù ni kó kọ́kọ́ gbé erùpẹ̀ ibẹ̀ lọ.

Irúgbìn tí wọ́n bá hú lórí ilẹ̀ tí wọ́n ń fọ̀ kò gbọ́dọ̀ di oúnjẹ ewúrẹ́, wọn kò sì gbọ́dọ̀ dáná sun ún ní gbangba, torí òjé á bá èéfín àti eérú padà sí àdúgbò. Inú àpò ni wọ́n ń dì í sí, kí wọ́n tó gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń sin ìdọ̀tí olóró. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á tún bu erùpẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Bí májèlé bá ṣì pọ̀ níbẹ̀, wọ́n á tún gbìn.