Olè tí ń Fi Olóko Jọba

Àwọn baba wa ní àìtètè mólè ni olè fi ń mólóko. Ṣùgbọ́n nínú òwò sọ́fítíwíà, èyíinì àwọn ètò tí ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, olóko tí kò tètè mú olè lè wá di ọba lórí gbogbo oko tí ó yí i ká.

Ní oṣù Èrèlé ọdún 1976, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Bill Gates, kọ lẹ́tà ìbínú sí àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìgbafẹ́, ó pè wọ́n lólè, nítorí pé wọ́n ń da ètò BASIC tí òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe fún kọ̀ǹpútà Altair kọ. Orí bébà tóóró gígùn tí a lu ní ihò wẹ́wẹ́ ni ètò náà wà nígbà náà; ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ tí ń luhò yóò lu òmíràn, ihò fún ihò, yóò sì pín in fún ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1998, tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀, Microsoft, ti di àjànàkú tí ń rìn kí igbó ó mì tìtì, Gates sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Washington pé bí àwọn ará Ṣáínà yóò bá jalè dandan, ti Microsoft ni kí wọ́n jí, nítorí bí ó bá ti di bárakú fún wọn, àwọn yóò wá ọ̀nà àtigbowó lẹ́yìnwá ọ̀la.

Iṣu tí olè bá wà ti tán lóko, ṣùgbọ́n sọ́fítíwíà tí a dà kọ kò dín lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Ọwọ́ ẹni tí ń lò ó ni ó ń kọ́. Ọ̀dọ́ tí ó bá fi àdàkọ Word, ètò ìtẹ̀wé Microsoft, kọ́ṣẹ́ akọ̀wé, Word náà ni yóò béèrè lọ́jọ́ tí ilé-iṣẹ́ bá gbà á, ọ̀gá rẹ̀ yóò sì sanwó. Givon, Mahajan àti Muller yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì kọ ọ́ lọ́dún 1995 pé nínú ènìyàn 7 tí ń lo sọ́fítíwíà ìtẹ̀wé àti ti ìṣirò, 6 ni kò sanwó. Síbẹ̀ àwọn aláìsanwó wọ̀nyí ni wọ́n fa èyí tí ó ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn olùrà wá.

Ẹni tí ìyà àdàkọ yìí jẹ ni ó ká mi lára, nítorí kì í ṣe Microsoft. Ilé-iṣẹ́ Kingsoft ti Ṣáínà gbé ètò ìtẹ̀wé WPS jáde lọ́dún 1989, àwọn ará ilé sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, títí Word fi dé; nígbà tí àdàkọ Word sì ń tà ní owó pọ́ọ́kú ní ìgboro, èló ni ọmọ onílé ì bá dín owó tirẹ̀ kù sí tí yóò fi borí? Wọ́n ń da WPS náà kọ, ṣùgbọ́n Kingsoft kò ní ọrọ̀ tí yóò fi dúró de ọjọ́ àtigbowó bíi ti Microsoft. Linux, ètò ìpìlẹ̀ kọ̀ǹpútà tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ lábẹ́ òfin, bọ́ sínú ìdènà kan náà, Gates fúnra rẹ̀ sì jẹ́wọ́ lọ́dún 2007 pé ó rọrùn fún Microsoft láti bá Linux figagbága níbi tí àdàkọ bá pọ̀ sí.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé mi, kí ẹ tó gba àdàkọ Office ti Microsoft lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, ẹ kọ́kọ́ dán LibreOffice wò: ọ̀fẹ́ ni, òfin kò sì lòdì sí i.