Èé ṣe tí àwọn oníkọ̀ǹpútà àtijọ́ fi kọ cartouche eré sílẹ̀?

Ní àwọn ọdún 1980, kọ̀ǹpútà kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé àwọn ènìyàn lásán ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ilẹ̀ Faransé àti ní Amẹ́ríkà. Ara tẹlifíṣọ̀n ilé ni wọ́n máa ń so ó mọ́. Ọ̀nà méjì tí eré ń gbà wọ inú rẹ̀ ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò. Èkíní ni kásẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí àwọn òbí wa fi ń gbọ́ orin. Èkejì ni cartouche, àpótí pẹlẹbẹ tí a kọ eré sí inú rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́, tí a ó sì kì bọ ihò tó wà lára ẹ̀rọ.

Ẹni tó bá lo kásẹ́ẹ̀tì yóò dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan, bí ariwo tó ń han ni létí ti ń jáde. Bí téèpù bá sì kọsẹ̀ lójú ọ̀nà, àtìbẹ̀rẹ̀ ni. Ní ti cartouche, bí a bá ti ń tan ẹ̀rọ ni eré ń bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀síbẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn tó ni kọ̀ǹpútà ní Yúróòpù kò ka ihò cartouche yẹn sí. Kí ló lè mú kí ènìyàn fi ohun tó yá sílẹ̀, kí ó sì gba èyí tó lọ́ra?

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ jẹ́ kí a wo ZX Spectrum, tí ilé-iṣẹ́ Sinclair gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1982. Pọ́n-ùn 175 ni wọ́n kọ́kọ́ ń ta èyí tó ní àyè ìrántí kilo-octet 48. Rẹ́kọ́dà kásẹ́ẹ̀tì ti wà nílé ọ̀pọ̀ ènìyàn tẹ́lẹ̀, nítorí náà kò sí ìnáwó mìíràn. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó ni Spectrum tó lè lo cartouche, ó ní láti kọ́kọ́ ra ohun èlò kan tí wọ́n ń pè ní Interface 2, èyí tó jáde ní 1983. Owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pọ́n-ùn 20, cartouche kọ̀ọ̀kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pọ́n-ùn 15. Eré kan náà, bíi Jetpac, wà lórí kásẹ́ẹ̀tì ní nǹkan bíi pọ́n-ùn 6. Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ Mastertronic ń ta kásẹ́ẹ̀tì eré ní ohun tí kò tó pọ́n-ùn 2. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ kò nílò olùkọ́ ìṣirò kí ó tó mọ èyí tí yóò mú.

Owó nìkan kọ́. Kilo-octet 16 péré ni cartouche Spectrum lè gbà, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tó ń kọ eré ti ń lo gbogbo 48 tí ẹ̀rọ ní. Manic Miner, tí Matthew Smith kọ ní 1983 nígbà tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún, kò lè wọ inú irú àpótí bẹ́ẹ̀. Eré mẹ́wàá péré ni Sinclair tà ní cartouche.

Ìṣòro kan tún wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe eré. Ẹni tó fẹ́ ṣe cartouche ní láti sanwó fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ṣáájú, kí ó tó mọ̀ bóyá ọjà yóò tà. Kásẹ́ẹ̀tì kò béèrè irú ewu bẹ́ẹ̀: a lè ṣe díẹ̀, kí a sì tún ṣe òmíràn bí ọjà bá ń yá. Èyí ló fi àyè sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ láti kọ eré nílé, kí wọ́n sì rí ẹni bá wọn tà á.

Ìdí tó wù wá jù ni pé kásẹ́ẹ̀tì ṣeé kọ nǹkan sí. Òótọ́ ni pé àwọn kan fi ṣe àdàkọ eré fún ọ̀rẹ́, èyí tó pa àwọn òǹkọ̀wé lára. Ṣùgbọ́n lórí kásẹ́ẹ̀tì náà ni ọmọdé ń tọ́jú ètò tí òun fúnra rẹ̀ kọ ní èdè BASIC. Inú cartouche eré kò gba ọ̀rọ̀ ẹni tó rà á. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni yóò máa wí títí.

Ní ilẹ̀ Faransé, Thomson TO7 ti 1982 kò tilẹ̀ mọ BASIC àyàfi tí a bá ki cartouche rẹ̀ bọ̀ ọ́. MO5 tó tẹ̀lé e ní 1984 ti ní BASIC nínú ara rẹ̀. Ó sì wà lára àwọn ẹ̀rọ tí ìjọba Laurent Fabius pín sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ nínú ètò Informatique pour tous ní 1985, kí àwọn ọmọ lè kọ́ bí a ti ń kọ ètò.

Kì í ṣe ibi gbogbo ni wọ́n ti kọ cartouche. Ní Jàpáánì, àwọn tó ni kọ̀ǹpútà MSX rà á gan-an. Òdodo tún ni pé ó lálòpẹ́: téèpù ń bàjẹ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ cartouche ìgbà náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí Commodore wá gbé C64GS jáde ní 1990, ẹ̀rọ tó ń lo cartouche nìkan tí kò sì ní bọ́tìnnì ìkọ̀wé, àwọn ènìyàn kò rà á. Wọ́n kò rí ìdí tí wọn yóò fi ra kọ̀ǹpútà tí a ti yọ agbára ìkọ̀wé kúrò lára rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́, fóònù tí ẹ mú dání lágbára ju gbogbo ẹ̀rọ wọ̀nyí lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Bí ẹ bá ń lò ó fún eré nìkan, ẹ ti sọ ọ́ di cartouche. Ẹ wá ètò tí ẹ lè fi kọ nǹkan lórí rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ ní èdè yín.