Ìdí tí Kọ̀ǹpútà fi ń Dúró Gbagidi Lẹ́nu Iṣẹ́

Bí akẹ́kọ̀ọ́ ní Mowe, Ibafo tàbí Ifọ̀ bá ń sọ ètò C++ tí ó kọ di èdè tí ẹ̀rọ gbọ́, kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè dúró gbagidi. Ẹni tí kò mọ̀dí rẹ̀ a paná ẹ̀rọ lójú ẹsẹ̀, iṣẹ́ tí kò tíì fi pamọ́ a sì ṣòfò.

Ẹ̀rọ náà kò kú. Àyè RAM ni ó tán. Lórí Linux, àṣẹ make -j8 ń ṣe iṣẹ́ mẹ́jọ pọ̀. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba gígábáìtì 1, RAM gígábáìtì 4 kò lè gbé e. Ẹ̀rọ a wá máa kó ẹrù lọ sórí dísìkì tí ó lọ́ra, a tún máa kó o bọ̀, kò sì ní ráyè dáni lóhùn. Linux fúnra rẹ̀ lè pa ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ó lè pẹ́ kí ó tó ṣe é. Make -j2 ni ó yẹ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.