Nígbà Tí Sọ́fítíwíà Orin Ọ̀fẹ́ Bá Kógbá Sílé

Sọ́fítíwíà orin ni ètò orí kọ̀ǹpútà tí ń gba ohùn sílẹ̀, tí ń to ohùn akọrin, ìlù, gìtá àti dùùrù sórí ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Òun ló ń jẹ́ kí a gé ibi tí kò dán, kí a gbé ohùn kan sókè, kí a rẹ òmíràn sílẹ̀, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi di orin kan ṣoṣo. Láyé kásẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ olówó ńlá inú sítúdíò Èkó àti Ìbàdàn ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹgbẹ́ akọrin láti Ìjerò tàbí Arámọ̀kọ ní Èkìtì tó bá fẹ́ gbé àwo jáde sì ní láti dá owó ọkọ̀ jọ kó tó dá owó sítúdíò. Lónìí, lápútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan, gbohùngbohùn kan àti yàrá tí a fi aṣọ nípọn bo ògiri rẹ̀ ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ó wá ṣẹ́ kù ni sọ́fítíwíà. Nítorí pé dọ́là ni wọ́n fi ń ta èyí tó lórúkọ jù nínú wọn, èyí tí kò gba kọ́bọ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ gbé.

Èyí tó tóbi jù nínú àwọn ọ̀fẹ́ wọ̀nyí fún ọdún méje ni Cakewalk by BandLab, ìtàn rẹ̀ sì yẹ ní sísọ látòkèdélẹ̀. Ará Amẹ́ríkà kan, Greg Hendershott, ló dá iléeṣẹ́ tó ṣe é sílẹ̀. Cakewalk àkọ́kọ́ jáde ní 1987 fún kọ̀ǹpútà tí ń lo DOS. Kò tíì lè gba ohùn ènìyàn nígbà náà. Àṣẹ tí a ń fi ránṣẹ́ sí dùùrù oníná, èyí tí wọ́n ń pè ní MIDI, nìkan ló lè tò. Ní 2001 ó di SONAR, odindi sítúdíò lórí Windows, owó gidi ni wọ́n sì ń tà á. Gibson, iléeṣẹ́ tó ń ṣe gìtá, rà á ní 2013. Gibson yìí tilẹ̀ ta ẹ̀tọ́ àtúnṣe títí ayé fún àwọn oníbàárà kan, pé wọn kò ní sanwó fún ẹ̀dà tuntun mọ́ láé. Ní oṣù kọkànlá 2017, ó kéde pé òun kò ṣe é mọ́. Títí ayé náà kò gùn tó ọdún méjì.

Ní oṣù kejì 2018, iléeṣẹ́ BandLab tí ó wà ní Singapore ra iṣẹ́ náà lọ́wọ́ Gibson. Nígbà tó máa fi di oṣù kẹrin ọdún kan náà, wọ́n ti gbé e jáde lọ́fẹ̀ẹ́, láìdín agbára ìpìlẹ̀ rẹ̀ kù: ìlà tí kò lópin àti ẹ̀rọ ìpo-ohùn pọ̀. Ohun tí ẹlòmíràn ti fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là rà lánàá wá di ohun tí ẹnikẹ́ni lè gbé sórí kọ̀ǹpútà. BandLab kò ṣe é lásán o. Iléeṣẹ́ náà ní ibùdó orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì àti áàpù fóònù, ẹni tó bá sì fẹ́ lo Cakewalk gbọ́dọ̀ ní àkáùǹtì níbẹ̀. Ní 2023 wọ́n kéde pé ẹ̀dà tuntun méjì ń bọ̀, Cakewalk Sonar àti Cakewalk Next, àti pé ti ọ̀fẹ́ yóò kásẹ̀ nílẹ̀. Ní 2025 ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Sonar di ohun tí a ń san owó àsansílẹ̀ fún, ṣùgbọ́n nínú ọdún 2025 yẹn náà ni BandLab tún ṣí apá kan rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, tí àwọn irinṣẹ́ kan sì wà ní títì pa fún ẹni tí kò sanwó.

Ẹni tí Cakewalk àtijọ́ ṣì wà lórí lápútọ́ọ̀pù rẹ̀ lè máa rò pé kò sí nǹkan tó kàn án. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Sọ́fítíwíà yìí máa ń bá iléeṣẹ́ tó ni ín sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lóòrèkóòrè láti gba ìyọ̀ǹda. Tí ìyọ̀ǹda náà bá tán tí a kò rí òmíràn gbà, yóò ṣí, yóò kọrin jáde, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kí a tọ́jú iṣẹ́ tuntun pamọ́. Tí a bá sì fọ Windows kọ̀ǹpútà náà nù kí a tó tún un tò, bí ẹni tí kò ní in rí ni. Ẹni tó ń lò ó dà bí ayálégbé tí onílé kò gba owó lọ́wọ́ rẹ̀: kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ onílé.

Cakewalk kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ irú èyí. Ní 2000, iléeṣẹ́ Digidesign gbé Pro Tools Free síta, ìlà ohùn mẹ́jọ, kò gba owó. Orí Windows 98 àti Me, àti Mac ayé ìgbà náà, ló ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí Windows XP dé, wọn kò tún un ṣe fún un, ó sì bá kọ̀ǹpútà àtijọ́ lọ. Ní 2015, Avid, tí ó ti ra Digidesign, mú Pro Tools First wá. Ó parí ní òpin 2021. Pro Tools Intro ló rọ́pò rẹ̀ ní 2022, pẹ̀lú ìlà ohùn mẹ́jọ péré. Ìlà mẹ́jọ tó fún ẹni tó ń kọrin pẹ̀lú gìtá. Kò tó fún ẹgbẹ́ akọrin ìjọ tó ní dùndún mẹ́ta, jáàsì, dùùrù, gìtá báàsì àti ohùn mẹ́rin.

Kí sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ máa kógbá sílé báyìí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré ní ìwọ̀ oòrùn Èkìtì. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n sin Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ti ìjọ Àpọ́sítélì sí lẹ́yìn tí ó papòdà ní 1959, láti ibẹ̀ dé Òkèmẹ̀sí àti Ìjerò, orin ìjọ Àpọ́sítélì àti ti àwọn ìjọ mìíràn kì í dákẹ́. Àwọn orin ìbílẹ̀ bí àpíìrì náà wà, tí àwọn àgbà tó mọ̀ wọ́n ń dínkù. Gbígbà wọ́n sílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró de ìgbà tí owó dọ́là bá wálẹ̀. Ohun mìíràn tún wà tí àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwíà lókè òkun kì í rò: iná mọ̀nàmọ́ná iléeṣẹ́ BEDC tó ń wá tó ń lọ, dátà tó gbówó lórí, àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí òkè máa ń bò. Sọ́fítíwíà tí yóò gbàyè lọ́wọ́ íntánẹ́ẹ̀tì kó tó ṣiṣẹ́ lè kọ̀ fúnni ní ọjọ́ tí ẹgbẹ́ akọrin pé jọ gan-an.

Fún ẹni tó ń wá àrọ́pò, Sonar ọ̀fẹ́ ni ó sún mọ́ ọn jù, nítorí pé ó ń ṣí fáìlì Cakewalk bí ó ṣe wà. Àmọ́ Windows 10 tàbí 11 ló ń gbà, ọwọ́ onílé kan náà sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Waveform Free ti iléeṣẹ́ Tracktion kò dín iye ìlà kù, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux. Ẹni tí Cakewalk ti mọ́ lára ni ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ ṣe àjèjì sí. Ti BandLab orí fóònù dára fún ẹni tí kò ní lápútọ́ọ̀pù rárá, bí dátà bá wà.

Ọ̀nà kejì ni àwọn sọ́fítíwíà tí ìwé àṣẹ wọn fún gbogbo ayé láyè láti wo inú wọn, láti tún wọn ṣe, kí wọ́n sì pín wọn. Audacity bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Carnegie Mellon, ó sì jáde ní 2000. Ní 2021 tí iléeṣẹ́ Muse Group gbà á, tí àwọn kan kò sì fẹ́ràn ìlànà tuntun tó mú wá lórí ìsọfúnni àwọn tó ń lò ó, wọ́n mú iṣẹ́ náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ tiwọn lábẹ́ orúkọ Tenacity. Kò sí ẹni tó lè dá wọn dúró. Audacity dára fún gbígba ohùn àti gígé e. Fún orin onílùú púpọ̀, Ardour ló tó gbangba sùn lọ́yẹ́. Paul Davis ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, orí Linux ló sì ti rọrùn jù láti rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́. LMMS wà fún ẹni tó ń to bíìtì nìkan, torí kò lè gba ohùn akọrin.

Reaper kì í ṣe ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fò ó. Justin Frankel, ẹni tó ṣe Winamp tí ọ̀pọ̀ fi gbọ́ orin ní káfẹ̀ẹ́ ayé ọjọ́un, ló ṣe é. Ọgọ́ta ọjọ́ ni a lè fi dán an wò pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, lẹ́yìn náà àdéhùn rẹ̀ ni pé kí a san 60 dọ́là, bí ohun tí a ń rí nídìí rẹ̀ lọ́dún kò bá ju 20,000 dọ́là lọ. Ó kéré dé ibi pé dátà díẹ̀ ló máa jẹ láti gbé e, lápútọ́ọ̀pù tó ti gbó náà sì lè gbé e. Àǹfààní rẹ̀ tó tóbi jù ni pé fáìlì kékeré ni ìwé àṣẹ rẹ̀, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì láti máa wádìí ẹni tó ń lò ó. Fún ẹgbẹ́ akọrin tó lè dáwó, òun ni ó wọ̀ jù nínú gbogbo wọn.

FL Studio, tí ó gbajúmọ̀ jù láàárín àwọn tó ń ṣe bíìtì ní Nàìjíríà, ní ẹ̀dà ìdánwò tí kò lọ́jọ́ òpin, àmọ́ iṣẹ́ tí a bá tọ́jú nínú rẹ̀ kò ní ṣeé ṣí padà títí a ó fi sanwó. Ìdí nìyí tí ẹ̀dà tí wọ́n jí ṣe fi pọ̀ nígboro. Yàtọ̀ sí pé olè ni, kòkòrò kọ̀ǹpútà máa ń bá a wọlé, kò sì sí ẹni tí a ó ké sí bí iṣẹ́ oṣù mẹ́fà bá run.

Kíkó iṣẹ́ àtijọ́ kúrò nínú sọ́fítíwíà tó ń lọ ni iṣẹ́ tó le jù. Fáìlì Cakewalk kì í ṣí nínú Reaper tàbí Ardour, torí náà orin kọ̀ọ̀kan ni a ó yọ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ìyọ̀ǹda bá ṣì wà, a ó ṣí orin náà, a ó lọ sí Export, a ó sì mú ìlà kọ̀ọ̀kan jáde bíi fáìlì WAV. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti odo, kódà ìlà tí akọrin kò tíì lanu lórí rẹ̀ títí di ìṣẹ́jú kẹta. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ní ojú kan náà, wọn yóò bára mu nínú sọ́fítíwíà yòówù tí a bá kó wọn sí. Èyí ṣe pàtàkì fún orin onídùndún ju fún bíìtì kọ̀ǹpútà lọ: onílù máa ń yára nígbà tí orin bá gbóná, kì í tẹ̀lé aago, nítorí náà kò sí òǹkà ìyára kan tí yóò bá wa to ohùn padà bó bá ti ṣí kúrò lójú rẹ̀. Ohun tí a fi dùùrù oníná tẹ̀, kí a yọ òun ní MIDI pẹ̀lú.

Àwọn ohun èlò tó ń bu ẹwà kún ohùn, bí ProChannel ti Cakewalk, kì í bá ni lọ sí ibòmíràn. Ọlọ́gbọ́n a yọ ìlà tí wọ́n wà lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan pẹ̀lú ẹwà náà, ọ̀kan láìsí. Kí ó sì kọ orúkọ sí fáìlì kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ohun tó wà nínú rẹ̀, ìyáàlù, omele, ohùn obìnrin, torí "Track 7" kò ní sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.

Ààyè tí àwọn fáìlì wọ̀nyí ń gbà kò pọ̀ tó bí ó ti ń dẹ́rù bani. Ìlà ohùn kan tí a gbà ní 24-bit àti 48kHz fún ìṣẹ́jú márùn-ún jẹ́ nǹkan bíi 43MB. Orin ìlà 16 kò tó 700MB, fíláàṣì 32GB kan yóò sì gba irú orin bẹ́ẹ̀ tó 40. Kí fíláàṣì méjì wà, kí ọ̀kan má sì gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà.