Ta Ni Yóò Bá Ta Gbé? Yíyan Ẹja, Edé àti Akàn fún Táńkì Omi Òkun Kékeré

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Èkó ní táńkì ẹja onígíláàsì kan ní pálọ̀ rẹ̀. Táńkì náà kò tóbi. Omi inú rẹ̀ kò ju lítà 80 lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe irú omi tí a fi ń sin ẹja àrọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Omi oníyọ̀ ni, bíi ti òkun. Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, ẹ̀gbọ́n mi ní ìrìn-àjò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì ní kí n wá bá òun mójú tó táńkì náà. Ẹja méjì àti edé méjì ló wà níbẹ̀. Cleaner shrimp ni wọ́n ń pe irú edé yẹn: ẹ̀yìn wọn pupa, ilà funfun kan sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Wọ́n ti tó ọdún méjì nílé náà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà yẹn, máa ń ki ọwọ́ bọ omi kí wọ́n lè wá máa ṣa ìdọ̀tí lára èékánná rẹ̀.

Mo ní kí n fi nǹkan dá ẹ̀gbọ́n mi lọ́lá kó tó dé. Mo lọ sí sọ́ọ̀bù, mo sì fi owó tí mo tọ́jú ra ẹja pupa kan tí wọ́n ń pè ní flame hawkfish. Ẹni tó tà á fún mi ní ẹja jẹ́jẹ́ ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, edé kan ló kù. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa ṣú, kò sí ìkankan mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi dé, kò bú mi. Ohun tó bi mí ni pé, “Ṣé o bèèrè ohun tó ń jẹ?” N kò bèèrè. Àwọ̀ pupa rẹ̀ ló wọ̀ mí lójú.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bá a tọ́jú táńkì yìí ní gbogbo ìsinmi. Àwọn ọmọ kíláàsì wa tó bá rí àwòrán rẹ̀ lórí fóònù mi máa ń bi mí pé, “Ẹja wo ló dára jù?” Ìbéèrè yẹn gan-an ló ṣì mí lọ́nà lọ́jọ́ kìíní. Kò sí ẹja tó dára jù. Ohun tó yẹ ká bèèrè ni pé ta ló lè bá ta gbé.

Àwa tí a ti ṣe kọ́ọ̀sì fonọ́lọ́jì mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí ohun tó ṣe fáwẹ̀lì ẹ, kò sì sí ohun tó ṣe fáwẹ̀lì o. Èdè wa ní ejò, ó sì ní ẹjọ́, ṣùgbọ́n ẹ ó wá “ẹjo” tì. Fáwẹ̀lì méjèèjì dára láyè ara wọn; àǹkóò fáwẹ̀lì ni kò gbà kí wọ́n jọ wà nínú irú ọ̀rọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀. Hawkfish tí mo rà kì í ṣe ẹja burúkú. Ibi tí mo fi í sí ni kò bá a mu.

Omi ni àkọ́kọ́

Òkun tóbi débi pé ẹ̀gbin ẹja kan kò lè ba omi rẹ̀ jẹ́. Nínú lítà 80, gbogbo ará ilé ló máa mọ̀ ọ́n lára. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ àjẹkù máa ń di ammonia, májèlé sì ni ammonia jẹ́ fún ẹja. Àwọn bakitéríà kan wà tó ń sọ ọ́ di nitrite, tí òun náà léwu. Àwọn bakitéríà mìíràn á wá sọ nitrite di nitrate, tí kò le tó àwọn méjì ìṣáájú. Ara òkúta àti yanrìn inú táńkì ni wọ́n ń gbé, ó sì máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ẹ má ra ẹja kankan. Ẹ máa yẹ omi wò pẹ̀lú ohun èlò ìdánwò. Ìgbà tí ammonia àti nitrite bá di òdo ni ilé tó ṣe é gbé.

Ìwọ̀n iyọ̀ tí à ń fẹ́ jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 35 nínú lítà omi kan. Iyọ̀ tí wọ́n ṣe fún táńkì ni kí ẹ lò, kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀. Bí ooru bá ń fa omi, omi nìkan ló ń lọ, iyọ̀ kì í bá a lọ. Nítorí náà, omi tí kò ní iyọ̀ ni kí ẹ fi rọ́pò èyí tó gbẹ. Ní Èkó, òtútù kọ́ ni ìṣòro wa, ooru ni. Omi tó wà láàárín 24 sí 27 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló tẹ́ àwọn ẹja yìí lọ́rùn. Ẹ̀gbọ́n mi gbé fáànù kékeré kan sí òkè táńkì kó máa fẹ́ sórí omi, ó sì ra pọ́ǹpù atẹ́gùn oníbátìrì sílẹ̀ nítorí ìgbà tí iná bá lọ.

Ìbéèrè mẹ́rin kí ẹ tó sanwó

Èkíní: báwo ni yóò ṣe tóbi tó? Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti wo fíìmù Finding Nemo tó jáde ní 2003 rántí Nemo àti Dory. Clownfish ni Nemo; irú rẹ̀ kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ, ó sì lè gbé inú lítà 80. Blue tang ni Dory. Ní sọ́ọ̀bù, ó lè má ju ìka ọwọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó lè dàgbà tó sẹ̀ǹtímítà 30, ó sì fẹ́ràn láti máa lúwẹ̀ẹ́ jìnnà. Bí a bá fi í sínú táńkì kékeré, ẹ̀wọ̀n ni a fi í sí.

Èkejì: kí ló ń jẹ? Ibí ni mo ti kùnà. Orí òkúta ni hawkfish máa ń bà sí, tí yóò máa wo ọ̀tún wo òsì bí àwòdì. Edé kékeré wà lára ohun tó ń jẹ nínú òkun, pàápàá edé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ èèpo, tí ara rẹ̀ ṣì rọ̀. Ẹja mìíràn tó ń tan èèyàn jẹ ni mandarin. Ẹwà rẹ̀ kò kéré: ara rẹ̀ búlúù, iṣẹ́ ọnà aláwọ̀ ọsàn sì yí i ká. Kò ní bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀dá tíntìntín tí wọ́n ń pè ní copepod ló ń ṣà jẹ láàárọ̀ dalẹ́, èyí tó wà nínú táńkì kékeré tuntun kò sì lè tó o. Yóò máa rìn káàkiri fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ ó rò pé ara rẹ̀ le, ebi ni yóò sì pa á níkẹyìn.

Ẹ̀kẹta: ṣé ó máa ń jà nítorí ilẹ̀? Damselfish kò wọ́n, kì í sì í tètè kú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń tà á fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti gba igun kan, gbogbo àlejò tó bá dé ni yóò máa bù jẹ. Ẹja tí ìrísí àti àwọ̀ wọn jọra náà sábà máa ń bá ara wọn jà. Clownfish méjì ní ọ̀nà tiwọn. Akọ ni gbogbo wọn kọ́kọ́ máa ń jẹ́. Èyí tó tóbi jù láàárín wọn ni yóò di abo. Ẹ ra ọmọdé méjì tí ọ̀kan tóbi ju èkejì lọ, wọn á sì yanjú ọ̀rọ̀ náà láàárín ara wọn.

Ẹ̀kẹrin: ta ni yóò kọ́kọ́ wọlé? Onítìjú ni kó ṣáájú, kó ti mọ ibi tó máa sá sí. Ẹni tó lágídí ni kó kẹ́yìn. Ẹ fi ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì sáàárín àlejò kan àti òmíràn, kí àwọn bakitéríà lè rójú fi kún ara wọn.

Àwọn tó ń gbé pọ̀ lónìí

Firefish ló kọ́kọ́ wọlé. Onítìjú ni, bí ẹ̀rù bá sì bà á, ó lè fò jáde kúrò nínú omi. Nítorí rẹ̀ ni a ṣe fi nẹ́ẹ̀tì bo orí táńkì.

Èkejì ni yellow watchman goby, pẹ̀lú edé kan tí wọ́n ń pè ní pistol shrimp. Àwọn méjèèjì yìí ni mo fẹ́ràn jù. Edé náà kò ríran dáadáa, ṣùgbọ́n ó mọ ihò gbẹ́. Ẹja náà ríran, ṣùgbọ́n kò mọ ihò gbẹ́ bíi tirẹ̀. Wọ́n wá jọ ń gbé ihò kan. Bí edé bá ń kó yanrìn jáde, yóò fi ìwo orí rẹ̀ gígùn kan ẹja náà lára. Bí ẹja bá rí ewu, yóò gbọn ìrù, àwọn méjèèjì á sì wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá àpẹẹrẹ ìbánisọ̀rọ̀ aláìlóhùn, ẹ wá wò ó.

Clownfish méjì ló wọlé kẹ́yìn. Ẹja mẹ́rin péré nìyẹn, a sì jẹ́ kó mọ bẹ́ẹ̀.

Ní ti àwọn ẹ̀dá tí kò ní egungun ẹ̀yìn, ìgbín òkun tí wọ́n ń pè ní Trochus ń há àwọ̀ ewé tó ń yọ lára gíláàsì jẹ. Nassarius máa ń ri ara rẹ̀ mọ́ inú yanrìn. Bó bá gbóòórùn oúnjẹ, gbogbo wọn á yọ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. A ní akàn hermit méjì, tí wọ́n ń gbé inú ìkarahun ẹlòmíràn. Bí ìkarahun òfìfo kò bá sí nílẹ̀, wọ́n lè pa ìgbín kí wọ́n lè gba tirẹ̀. Ẹ kó ìkarahun bíi mélòó kan tí ìwọ̀n wọn yàtọ̀ síra sílẹ̀ fún wọn.

Bí ẹ bá rí ohun tó jọ òkú edé, ẹ má tíì sunkún. Edé máa ń bọ́ èèpo rẹ̀ lódindi. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn òkúta. Ó ṣeé ṣe kó ti sá pamọ́ síbẹ̀ títí èèpo tuntun yóò fi le. Ẹ má sì kánjú ra anemone nítorí clownfish. Clownfish lè gbé láìsí i, anemone kò sì rọrùn láti tọ́jú nínú táńkì tuntun.

Nǹkan méjì tí kò yẹ ká ṣe

Bí àìsàn bá mú ẹja, ẹ má da oògùn oníbàbà sínú táńkì tí edé, akàn tàbí ìgbín wà. Bàbà tó ń wo ẹja sàn máa ń pa wọ́n. Ẹ gbé ẹja náà sínú omi ọ̀tọ̀ kí ẹ tó tọ́jú rẹ̀.

Èkejì, bí ẹja kan bá sú yín, ẹ má dà á sínú ọ̀sà tàbí òkun wa. Ní 1985, wọ́n rí lionfish, tó jẹ́ ẹja òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì, ní etíkun Florida ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ọwọ́ àwọn tó ń sin ẹja ló ti bọ́. Lónìí ó ti tàn dé Kúbà àti àwọn erékùṣù tó yí i ká, ó sì ń jẹ àwọn ẹja kéékèèké ibẹ̀ run. Ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á, tàbí kí ẹ fún ẹni tó ní àyè fún un.

Ohun tí a ṣe pẹ̀lú hawkfish náà nìyẹn. Ó wà ní táńkì ńlá kan báyìí, níbi tí kò sí edé kankan. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ra cleaner shrimp méjì mìíràn. Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó gbà láti gun ọwọ́ ọmọ rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gùn ún, ó pè mí lórí fóònù. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé, “Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra ẹja wá mọ́ o.”

Mo ṣèlérí fún un pé n kò ní rà á láìkọ́kọ́ bèèrè.