Ohun Tí Búùtù Ojúgun Lè Ṣe fún Ẹṣin

Láti orúnkún ẹṣin wá sí pátákò rẹ̀, kò sí ẹran níbẹ̀. Egungun, iṣan àti awọ fẹ́lẹ́ ni, ẹranko tó sì lè wọ̀n tó 500 kìlógíráàmù ló ń gbára lé e. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń wé búùtù mọ́ ojúgun ẹṣin kí wọ́n tó gùn ún. Àmọ́ ọ̀pọ̀ agẹṣin gbà pé búùtù náà ń di iṣan mú kó má baà já, èrò yìí ló sì ń mú kí wọ́n ra èyí tó nípọn jù, kí wọ́n tún fún un pinpin. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ẹṣin bá ń sáré àsápajúdé, ó máa ń kan ìgbà tí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo wà nílẹ̀, agbára tó ń bọ́ lu ẹsẹ̀ náà sì ju ìwúwo gbogbo ara rẹ̀ lọ. Ìdè tí ọwọ́ ọmọdé lè tú, báwo ló ṣe fẹ́ bá iṣan gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀?

Ìkọlù ni búùtù mọ̀ ọ́n gbà. Èèpo líle tó wà níta a máa fọ́n agbára ìkọlù náà ká, kó má baà já sí ojú kan. Tìmùtìmù tó wà nínú a sì rọ̀ díẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ má baà dé lójijì. Nítorí náà, ohun tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ rà á kọ́kọ́ wádìí ni ohun tó ń gbá ẹsẹ̀ ẹṣin tirẹ̀, àti ibi tó ti ń gbá a. Ẹṣin tó ń fi pátákò kan gbá ẹsẹ̀ kejì nílò èyí tó nípọn nínú, níbi tí ẹsẹ̀ méjèèjì ti kọjú síra. Ní ti ẹṣin tó ń fo igi nínú ìdíje, ẹ̀yìn ẹsẹ̀ iwájú ló wà nínú ewu, torí pátákò ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lè bá a níbẹ̀ nígbà tó bá balẹ̀. Búùtù irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ a máa ṣí sílẹ̀ níwájú, kí ẹṣin tó bá fẹsẹ̀ kan igi lè mọ̀ ọ́n lára. Lórí pápá pólò, bíi ti Ìkòyí ní Èkó, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ pátápátá: ọ̀pá ń fì, bọ́ọ̀lù líle ń fò ní eré tó lè ju 100 kìlómítà ní wákàtí kan lọ, kò sì sí ẹni tó lè sọ ibi tó máa gbà wá. Èyí tó yí gbogbo ojúgun ká, tó sì bo oríkèé tó wà lókè pátákò, ló yẹ ẹṣin pólò.

Ẹnì kan lè ní, bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí gbogbo ẹṣin kúkú máa wọ èyí tó bo ẹsẹ̀ pátá, kí ọkàn balẹ̀. Ooru ni kò jẹ́. Bí iṣan bá ṣe ń nà tó ń súnkì lórí eré, bẹ́ẹ̀ ló ń gbóná. Ní 1994, àwọn olùwádìí Wilson àti Goodship tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé ooru inú iṣan ẹsẹ̀ ẹṣin tó ń sáré lè dé 45 ní ìwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ ara ẹṣin tó dá ṣáká kò ju nǹkan bíi 38 lọ. Neoprene tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ búùtù, òun náà ni wọ́n fi ń ṣe aṣọ tí àwọn òmùwẹ̀ ń wọ̀ kí òtútù má baà mú wọn. Ooru ló ń há mọ́lé. Nínú oòrùn Èkó, èyí tó ní ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé ni kí ẹ wá, kí ẹ sì bọ́ ọ kúrò kíá tí eré bá parí. Kí ìdè rẹ̀ wà ní ìhà òde ẹsẹ̀, kí ẹ fà á sẹ́yìn, kí ìka kan lè wọlé sí abẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá tú u tí ẹ rí i pé irun ti ń re, tàbí pé ojú ìdè ti jìn sára, ó ti fún jù, tàbí kó jẹ́ pé yanrìn ti há sábẹ́ rẹ̀.