Ìsàlẹ̀ Èkó: Ilé ìtàn tó yẹ kí ìdílé Mùsùlùmí mú àwọn ọmọ lọ wò

Bí àwa Mùsùlùmí bá gbọ́ orúkọ Andalus, ọkàn wa a máa fà sí i. Ní ilẹ̀ Spain lónìí, èrò ń wọ́ láti gbogbo ayé lọ wo ààfin Alhambra ní Granada àti mọsálásí ńlá Córdoba, èyí tí Abd al-Rahman kìn-ín-ní bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní nǹkan bí ọdún 785. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1236 ni mọsálásí náà ti di ṣọ́ọ̀ṣì. Mùsùlùmí tó bá débẹ̀ lè wò ó, kò lè kírun níbẹ̀.

Ní Ìsàlẹ̀ Èkó àti agbègbè rẹ̀, a ní ilé ìtàn tí a lè wò, tí a sì tún lè kírun nínú rẹ̀. Owó ọkọ̀ dé Ìdúmọ̀tà ló ń béèrè. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa mọ Ìdúmọ̀tà fún ọjà nìkan. Ẹ jẹ́ kí a rìn ín pọ̀ díẹ̀.

Láti Ìgá dé Mọsálásí Ńlá

Ìgá Ìdúngànrán ni ààfin Ọba Èkó. Orí oko ata Arómirẹ́ ni wọ́n kọ́ ọ sí, orúkọ rẹ̀ sì ń tọ́ka sí oko ata náà. Àwọn Potogí ló kó àwo ìbolé wá fún un láyé Ọba Akínṣemóyìn. Ọjọ́ òmìnira, 1 oṣù kẹwàá ọdún 1960, ni wọ́n ṣí apá tuntun rẹ̀. Ààfin tí Ọba ń gbé ni, nítorí náà ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó wọlé.

Bí a bá gba Ìdúmọ̀tà jáde sí òpópónà Nnamdi Azikiwe, ilé gogoro Mọsálásí Ńlá Èkó ni yóò kọ́kọ́ kí wa. Èyí tí àwọn bàbá ńlá wa lò ṣáájú, ọdún 1913 ni wọ́n ṣí i. Ọdún 1988 ni wọ́n ṣí èyí tó wà níbẹ̀ báyìí.

Mọsálásí Shitta-Bey

Kò jìnnà síbẹ̀, ní Martins Street, ni mọsálásí Shitta-Bey wà. Waterloo ní ilẹ̀ Sàró ni wọ́n ti bí Mohammed Shitta, láti ọ̀dọ̀ àwọn òbí Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ lóko ẹrú. Òwò ló fi là, ó sì fi owó ara rẹ̀ kọ́ ilé Ọlọ́hun. Ní 4 oṣù keje ọdún 1894 tí wọ́n ṣí i, Gómìnà Gilbert Carter wà níbẹ̀. Abdullah Quilliam, Òyìnbó Mùsùlùmí láti Liverpool, ló sì ṣojú Sultan Abdul Hamid kejì ti ilẹ̀ Tọ́kì. Ọjọ́ náà ni wọ́n fi oyè Bey dá Shitta lọ́lá. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló jáde láyé, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń kírun níbẹ̀ títí dòní.

Ẹ fi ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe ojú ilé náà lọ́ṣọ̀ọ́ han àwọn ọmọ. Iṣẹ́ ọwọ́ Àgùdà ni, João Baptista da Costa ló kọ́ ọ. Àwọn Àgùdà ni ọmọ wa tó padà dé láti Brazil, Mùsùlùmí sì wà nínú wọn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1835, nínú Ramadan, àwọn ẹrú àti olómìnira tó jẹ́ Mùsùlùmí dìde ní Bahia láti jà fún òmìnira. Malê ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, èyí tó jọ "ìmàle" tiwa gan-an. Lẹ́yìn ìjà náà, ọ̀pọ̀ olómìnira fi Brazil sílẹ̀ padà sí ilẹ̀ wa.

Ọgbà ẹ̀wọ̀n tó di ọgbà ìgbafẹ́

Ní Broad Street, Freedom Park ń dúró dè wá. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni tẹ́lẹ̀, ọdún 1882 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọ, amọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi mọ ògiri rẹ̀. Herbert Macaulay àti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀. Ọdún 2010 ló di ọgbà ìgbafẹ́. Bí a bá tún rìn síwájú dé Oníkàn, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n ṣí ní 1957, ló tọ́jú mọ́tò tí wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed sí ní 13 oṣù kejì ọdún 1976. Ihò ọta ṣì wà lára rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ wo iṣẹ́ Ọlọ́hun, kó yíjú sí omi. Ọ̀sà ló yí Èkó ká. Láti CMS, ọkọ̀ ojú omi lè gbé wa dé etíkun Tarkwa Bay. Ẹ rí i pé gbogbo ọmọ wọ ẹ̀wù amúniléfòó kí ọkọ̀ tó gbéra.

Èyí tí a ti pàdánù

Ilé kan wà ní Tinubu Square tí a kò lè fi han àwọn ọmọ mọ́. Ilojo Bar ni, ilé Àgùdà tí wọ́n kọ́ ní 1855. Láti 1956 ni ìjọba ti kéde rẹ̀ pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni. Ní ọjọ́ Àìkú, 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, tí ọ̀la rẹ̀ jẹ́ Iléyá, wọ́n wó o palẹ̀. Ikéde ìjọba kò gbà á là.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní Èkó, ilé ẹbí ni. Bí olórí ẹbí bá kú, tí àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ pọ̀, kálukú fẹ́ ìpín tirẹ̀, wọn a tà á fún ẹni tí yóò wó o kọ́ ṣọ́ọ̀bù. A kò dá ẹni tó ń béèrè ogún tó tọ́ sí i lẹ́bi, ẹ̀tọ́ tí Ọlọ́hun fún un ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀sìn wa fún onílé ní ọ̀nà mìíràn nígbà tó wà láyé: waqf. Nígbà tí Umar ọmọ Al-Khattab ní ilẹ̀ ní Khaybar, Ànábì gbà á nímọ̀ràn pé kó fi ilẹ̀ náà dúró, kó máa fi èrè rẹ̀ ṣe sàárà. Láti ìgbà náà, wọn kì í tà á, wọn kì í jogún rẹ̀, wọn kì í fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ. Bàbá tàbí ìyá tó bá ní ilé ìtàn lè pe àlùfáà tó mọ̀ nípa rẹ̀ àti lọ́yà jókòó, kó tó di pé ọ̀rọ̀ ogún dé.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ

Òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú ló dára jù, ọjà kì í fi bẹ́ẹ̀ há. Ẹ wọ bàtà tó rọrùn, ẹ mú omi dání, ẹ ṣètò rẹ̀ kí Ayilá bá yín nítòsí Shitta-Bey. Ẹ bi àwọn tó ń tọ́jú mọsálásí kí ẹ tó ya fọ́tò. Bí ẹ bá sì ní ìyá àgbà tó dàgbà sí Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ mú un dání. Ohun tí yóò sọ fún àwọn ọmọ yóò ju tiwa lọ.

Kí Ọlọ́hun bá wa tọ́jú ohun tó kù, kó sì kẹ́ àwọn tó kọ́ ọ fún wa. Aamiin.